Dókítà Barnardo, Bàbá Àwọn Ọmọ Aláìnílé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ orúkọ Barnardo lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó ti gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ìtàn ọkùnrin náà gan-an kò yé gbogbo wa.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Júlàì, ọdún 1845, ni a bí Thomas John Barnardo ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì. Ọmọ Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni bàbá rẹ̀, awọ ẹran onírun ló ń tà. Ọdún 1862 ni Thomas fi ọkàn rẹ̀ fún Jésù. Nígbà tó di 1866 ó kọjá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èrò rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Ṣáínà ni òun yóò ti lọ wàásù, nítorí náà ló ṣe ń kọ́ ìṣègùn ní ọsibítù kan ní Whitechapel.

Ṣáínà náà kò ríbi dé títí ó fi kú. Ọdún tó dé yẹn ni àrùn onígbáméjì jà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní àdúgbò àwọn tálákà, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tí ìdọ̀tí sì pọ̀. Ní 1867 Barnardo ṣí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Hope Place, ní Stepney. Òun fúnra rẹ̀ a máa ròyìn pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà òtútù, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Jarvis kọ̀, kò lọ nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, nítorí kò ní ilé, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ọmọ yìí ló mú un lọ wo ibi tí àwọn ọmọ mìíràn sùn sí lórí òrùlé, láìsí aṣọ ìbora.

Ní 1870 ó ṣí ilé fún àwọn ọmọkùnrin ní Stepney Causeway. Kì í ṣe oúnjẹ àti ibùsùn nìkan o! Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ káfíńtà, àti bí a ti ń ṣe búrọ́ṣì, kí ọmọ tó bá jáde lè rí nǹkan fi jẹun, kó má tún padà sí títì. Owó kò tó, nítorí náà iye ọmọ tó ń gbà ní gbèdéke. Ní alẹ́ kan ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wá, Carrots ni wọ́n ń pè é nítorí irun rẹ̀ tó pupa. Wọ́n ní kò sí àyè. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n bá òkú rẹ̀. Òtútù àti ebi ló pa á. Láti ọjọ́ náà ni Barnardo ti kọ ọ́ sára ilé pé a kò ní lé ọmọ aláìní kankan padà, ì báà jẹ́ gbèsè ló máa fi gbà á. Gbèsè náà sì dé lóòótọ́.

Ní 1872 ó ra ilé ọtí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Edinburgh Castle, ó sọ ọ́ di ilé kọfí àti ilé ìsìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé Syrie Elmslie níyàwó, ní 1876 wọ́n sì ṣí abúlé àwọn ọmọbìnrin ní Barkingside, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ilé. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ Copperfield Road bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ níbẹ̀, torí ta ni ebi ń pa tó lè gbọ́ ABD?

Ọdún 1877 náà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ná owó àwọn ọmọ ní ìnákúnàá. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ dá a láre nínú èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n bá a wí nítorí àwọn fọ́tò kan tó mú kí àwọn ọmọ dà bí aláìní ju bó ti rí lọ. Láti 1882 ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí Kánádà, nígbà mìíràn láìgba àṣẹ òbí. Àwọn kan rí ilé rere, wọ́n sì fi àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Èmi kò lè yìn ín nínú èyí. Ní 2010 ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1905, ló kú. Ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló fi sílẹ̀, ọmọ tó lé ní 8,500 ló wà nínú wọn, pẹ̀lú gbèsè ńlá. Barkingside ni wọ́n sin ín sí, ní àárín abúlé àwọn ọmọbìnrin.