Michael Graham (1898–1972): Onímọ̀ Ẹja Tí Ó Kìlọ̀ Kí Àwọ̀n Tó Ṣófo

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹja ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú oúnjẹ wa. Láti Igbótako títí dé Òkìtìpupa, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọbẹ̀ ẹlẹ́ja jẹ púpurú mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ ni púpọ̀ nínú ẹja náà ti ń wá, láti inú ọ̀sà àti etí òkun, kí ó tó gba Igbókòdá dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣe apẹja Ìlàjẹ ṣe ìyá ọlọ́bẹ̀ ní Igbótako pẹ̀lú. Ní àkókò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, ó tọ́ kí á sọ fún àwọn ọmọ wa ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wádìí ìdí tí ẹja fi ń tán nínú omi, àti ohun tí ènìyàn lè ṣe kí ó má bàa tán. Michael Graham ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ.

Ọdún 1898 ni wọ́n bí i. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹja òkun kò lè tán láéláé. Ní ọdún 1883, níbi ìpàtẹ ńlá kan tí wọ́n ṣe nípa iṣẹ́ ẹja ní Lọ́ńdọ́nù, Thomas Huxley, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní gbangba pé irú àwọn ẹja òkun tí ó pọ̀ bí yanrìn kò ní tán bí ó ti wù kí ènìyàn pa wọ́n tó. Ọ̀rọ̀ Huxley kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. Òkun gbòòrò, ẹja pọ̀, agbára ènìyàn sì kéré. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ̀ apẹja tí ń lo ẹ̀rọ oníná bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ọkọ̀ tí ń lo ìgbòkun. Ọkọ̀ tuntun yìí kì í dúró de afẹ́fẹ́. Ó ń wọ́ àwọ̀n ńlá nílẹ̀ òkun tọ̀sán tòru, ohunkóhun tí ó bá sì wà ní ọ̀nà àwọ̀n náà kò bọ́. Agbára ènìyàn kò kéré mọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ àtijọ́ kò tíì yí padà.

Ní ọdún 1920, Graham wọ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí ẹja ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Lowestoft, ìlú àwọn apẹja kan ní etí òkun ìlà oòrùn ilẹ̀ náà. Ẹja cod, tí í ṣe ìbátan panla tí a ń fi se ọbẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí ó ṣe ìwádìí lé lórí. Àkókò tí ó dé ibẹ̀ jẹ́ àkókò ẹ̀kọ́ ńlá. Ogun Àgbáyé Kìíní ti lé púpọ̀ nínú àwọn apẹja kúrò lórí Òkun Àríwá láti ọdún 1914 sí 1918. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹja pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn tí wọ́n ń pa sì tóbi. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún díẹ̀, gbogbo rẹ̀ tún padà sí bí ó ti wà. Ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, ẹja inú àwọ̀n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dín kù. Lójú Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ogun náà ti ṣe ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ó ti fi hàn pé bí a bá fún òkun ní ìsinmi, ẹja yóò pọ̀ sí i. Bí a bá sì fi agbára kún agbára lórí rẹ̀, yóò dín kù.

Ní ọdún 1927, wọ́n rán Graham wá sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà láti yẹ iṣẹ́ ẹja wò lórí Adágún Victoria. Adágún yìí ni ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ ni ín, àwọn ni Yùgáńdà, Kẹ́ńyà àti ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Barton Worthington ni ó bá a ṣiṣẹ́. Ẹja tí àwọn ará etí adágún náà fẹ́ràn jù ni ngege, irú epìyà kan tí ó dùn púpọ̀. Graham gan-an ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ẹja yìí fún ayé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ ní èdè Látìnì. Ìdí nìyí tí orúkọ Graham fi ń bá orúkọ ẹja náà rìn nínú ìwé àwọn onímọ̀ títí di òní.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò dùn mọ́ ọn. Ní àtijọ́, igẹ̀rẹ̀ àti ọgbà tí wọ́n fi esùsú ṣe ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pa ẹja. Ní ọdún 1905 ni àwọ̀n tí wọ́n fi okùn ọ̀gbọ̀ hun dé láti òkè òkun, irú èyí tí a ń dẹ sínú omi kí ẹja lè fi orí há sí i. Nígbà tí àwọ̀n yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹyọ kan lè kó 50 ngege tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní alẹ́ kan. Nígbà tí Graham dé, àwọ̀n kan kì í kó tó 10 mọ́ ní àwọn ibi tí ọwọ́ apẹja ti pọ̀ jù. Ojú ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo ti tó láti rí ọ̀pọ̀ àti àìtó lórí omi kan náà.

Graham kò dá àwọn apẹja lẹ́bi bí ẹni pé ọ̀kánjúwà nìkan ni ó ń ṣe wọ́n. Ó mọ̀ pé bí ẹja bá ń dín kù, apẹja yóò wá àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré sí i, nítorí ọmọ ń bẹ nílé tí yóò jẹun. Àwọ̀n kékeré náà yóò sì máa kó ẹja tí kò tíì bímọ rí, bí ẹni tí ń jẹ ẹ̀bù tí ó yẹ kí ó gbìn. Nínú ìwé àbájáde rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1929, ó dábàá pé kí a má ṣe gba àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré sí ínǹṣì 5 láyè fún ngege, kí ẹja lè bímọ kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ apẹja. Ó sì dábàá pé kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo máa bójú tó gbogbo adágún náà, nítorí ẹja kò mọ ààlà ilẹ̀ Kẹ́ńyà yàtọ̀ sí ti Yùgáńdà.

Ìkìlọ̀ kẹta wà nínú ìwé náà. Àwọn kan ń rò ó pé bóyá kí a gbé ẹja ńlá kan tí í jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibòmíràn wá sínú adágún náà, kí èrè lè pọ̀ sí i. Graham kọ̀wé pé ewu ńlá gbáà ni èyí, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò láìṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ nípa ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nígbà tí ó padà sí Lowestoft, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣirò wá ìdí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lórí omi méjèèjì. Ẹdward Russell, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ti kọ̀wé ní ọdún 1931 pé nǹkan mẹ́rin ni ó ń pinnu iye ẹja inú omi. Méjì ń fi kún un, èyíinì ni ẹja kéékèèké tí ń bọ̀ lẹ́yìn àti ìdàgbà àwọn tí ó wà níbẹ̀. Méjì ń dín in kù, èyíinì ni ikú àdáyébá àti ọwọ́ apẹja. Ní ọdún 1935, Graham gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ẹ jẹ́ kí á fi adágún ẹja kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí epìyà inú rẹ̀ bá kéré jù, ọmọ tí wọn yóò bí kò lè pọ̀. Bí wọ́n bá sì kún un dẹ́nu, oúnjẹ kò ní ká wọn, wọn kò sì ní pọ̀ sí i mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ní nǹkan bí ìdajì ohun tí omi náà lè gbà, ni wọ́n ń yára pọ̀ jù lọ. Ìgbà náà ni ẹni tí ó ni adágún lè máa kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ́dọọdún láìpa adágún rẹ̀ run. Graham fi hàn pé ọkọ̀ inú Òkun Àríwá ti pọ̀ kọjá ìwọ̀n yìí. Bí wọ́n bá dín iṣẹ́ wọn kù, ẹja tí wọn yóò máa pa kò ní kéré sí ti tẹ́lẹ̀, owó tí wọn yóò sì ná lórí èédú, àwọ̀n àti owó òṣìṣẹ́ yóò dín kù.

Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ó kọ ìwé kan fún gbogbo ènìyàn, The Fish Gate. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì yóò rántí pé Ẹnubodè Ẹja wà lára àwọn ẹnubodè Jerúsálẹ́mù tí wọ́n tún kọ́ nígbà ayé Nehemáyà. Nínú ìwé yìí ni Graham ti gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó pè ní òfin ńlá iṣẹ́ ẹja. Kókó rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹja tí kò bá ní ààlà kò ní pẹ́ di iṣẹ́ tí kò lérè. Ohun tí ó fi ìwé yìí jà fún ju ẹja lọ. Ó ń ro ti apẹja tí ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu lórí omi tí ó sì ń padà wá sílé pẹ̀lú gbèsè.

Ní ọdún 1945, Graham di olùdarí ìwádìí ẹja fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Lọ́ńdọ́nù láti jíròrò lórí pípa ẹja ní àpajù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí wọ́n dín àpapọ̀ ọkọ̀ apẹja kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ìwọ̀n ojú àwọ̀n àti ìwọ̀n ẹja tí a lè tà ni wọ́n fọwọ́ sí, ó sì di ọdún 1953 kí ìyẹn náà tó fìdí múlẹ̀. Graham kò jẹ́ kí èyí mú ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́, ó sì fún wọn láyè láti ronú. Méjì nínú wọn, Ray Beverton àti Sidney Holt, ni ó kọ ìwé ńlá ọdún 1957 tí àwọn onímọ̀ ẹja káàkiri ayé ṣì ń lò. Ọ̀gá tí ó tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju òun lọ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tòótọ́. Ní ọdún 1958 ni ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní ọdún 1972.

Kí wá ni ó gbẹ̀yìn Adágún Victoria? Wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀lé ìmọ̀ràn Graham. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, òfin ojú àwọ̀n ínǹṣì 5 wà ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú òfin náà ṣẹ, àwọ̀n ọ̀rá sì dé, ó lágbára ju ti ọ̀gbọ̀ lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1961, ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pa òfin náà tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja pọ̀ lọ́jà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ngege pòórá. Ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960 kan náà ni wọ́n gbé ẹja ńlá odò Nile sínú adágún náà, ohun tí Graham ti kìlọ̀ fún ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ẹja náà pọ̀ rẹpẹtẹ ní àwọn ọdún 1980. A kò lè sọ pé kò mú owó wá, nítorí wọ́n ń tà á títí dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣírò pé irú ẹja kéékèèké tí ó tó 200, tí kò sí níbòmíràn láyé, ni ó run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí inú omi náà lọ́wọ́ sí i. Lónìí, inú àwọn adágún kéékèèké tí ó wà ní àyíká ni a ti ń rí ngege tí ó ṣẹ́kù.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ìjọba wa náà ti ṣe òfin iṣẹ́ ẹja orí òkun ní ọdún 1992, tí ó ní kí ọkọ̀ ńlá tí í wọ́ àwọ̀n má ṣe ṣiṣẹ́ ní máìlì òkun 5 sí etíkun, kí ibẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Ilé ìwádìí òkun tiwa sì ti wà ní Èkó láti ọdún 1975. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò gba ẹja là bí kò bá sí ẹni tí yóò mú un ṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí a ń dẹ ní ọ̀sà kò yàtọ̀ sí èyí tí ó pa ngege run.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ tí kò níláárí ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà nípò àṣẹ, ẹ rántí pé Graham sọ òtítọ́ ní ọdún 1929, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run tí ó dá ẹja sínú omi fi í sí ìkáwọ́ ènìyàn, kì í ṣe kí ó pa á run, bí kò ṣe kí ó tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.