Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Olùkọ́ tí Ó Di Olùtọ́jú Aláìsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rò pé ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ olùkọ́ ti kẹ̀yìn sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí láé. Ìgbésí-ayé obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní apá Òkè-Àdó mọ ìtàn rẹ̀ dájú, nítorí kò jìnnà sí wa ni òun náà ti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1915 ni a bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní sí ìdílé Scott ní ìlú Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. ní Èkó ni ó lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. A kò lè dá baba náà lẹ́bi jù, nítorí ní ayé ìgbà náà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò níyì lójú àwọn ìdílé tí ó mọ̀wé. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó wá sí United Missionary College, tí ìjọ C.M.S. àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1928, ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ láti ọdún 1936 títí di ọdún 1940.

Ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olú Pratt, apòògùn, ẹni tí ó kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ọdún 1946 ìyàwó bá ọkọ lọ. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ àtijọ́ ti sọjí: ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé-ìwòsàn St Thomas', tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ọdún 1860.

Ó dára kí a dúró díẹ̀ kí a wo ohun tí Nightingale fi lélẹ̀. Nínú ogun Kirimíà, ní ọdún 1854, ó rí i pé àìsàn tí ń jà nínú ilé-ìwòsàn ń pa àwọn ọmọ-ogun ju ọgbẹ́ ojú ogun lọ. Nítorí náà ó tẹnu mọ́ afẹ́fẹ́ títun, ìmọ́lẹ̀, omi mímọ́, ibùsùn tí kò dọ̀tí, àti oúnjẹ ní àkókò. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí ti ara nìkan. Ó kọ́ni pé ìfòyà, iyèméjì, àti dídúró de ohun tí a kò mọ̀ ń ṣe aláìsàn ní ibi ju làálàá lọ. Pé sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí ibùsùn rẹ̀ ń da ọkàn rẹ̀ rú. Àti pé ògiri kan náà tí ó ń wò láti òwúrọ̀ di alẹ́ ń sú u, tó bẹ́ẹ̀ tí òdòdó kan ṣoṣo lè tù ú nínú.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá gbé ìyá kan láti Ọjà'ba lọ sí ilé-ìwòsàn, ara rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nílé àti ọjà tí kò rí ẹni tà. Nọ́ọ̀sì tí kò bá mọ èyí yóò fún un ní oògùn, yóò sì máa yà á lẹ́nu pé kò rí oorun sùn.

Arábìnrin Pratt parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì di nọ́ọ̀sì tí ìjọba gbà wọlé ní ọdún 1950. Ó wà lára àwọn aláwọ̀-dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera tí ìjọba Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Ní àkókò yìí ni aláìsàn kan kọ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí ó tọ́jú òun, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: kí ènìyàn na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́, kí ẹni tí ń jìyà sì kọ ọwọ́ náà. Síbẹ̀ kò torí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1954 ó padà wá sí Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ ní University College Hospital, nígbà tí ilé-ìwòsàn náà kò tíì ní ilé rẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1957. Ìdènà mìíràn tún dúró dè é nílé. Àwọn òyìnbó ni a ya ipò Sísítà tí ń bójú tó wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ fún, a kò sì kọ́kọ́ fi í fún un, bí ó tilẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú wọn. Ó fi sùúrù àti iṣẹ́ tí kò lábùkù borí. A fún un ní ipò náà níkẹyìn, nígbà tí ó sì di ọdún 1964 ó di Mátírọ́ọ̀nù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó lórí àga náà.

Ní ọdún 1954 kan náà ni Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dàrú máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé itòsí, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Nípa bẹ́ẹ̀, láàrin àwa tìkára wa, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ènìyàn odidi ni a ń wò sàn, kì í ṣe ẹ̀yà ara kan.

Irú ìtọ́jú yìí kò ṣe é fi ọwọ́ nìkan ṣe. Ó gba òye. Ìdí nìyí tí Arábìnrin Pratt fi jà fún ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà sílẹ̀, ó bá wọn ṣe olótùú ìwé-ìròyìn wọn, ó sì ṣe akitiyan kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé-iṣẹ́ ìlera ti ìjọba àpapọ̀, àti igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé. Ní ọdún 1973 a fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale, ó sì di Kọmíṣọ́nà fún ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1992 ni ó sùn nínú Olúwa.

Òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní Kòfowórọlá, kò sì fi owó ra ọlá tí ó ní; iṣẹ́ ni ó fi gbà á. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wà tí òbí rẹ̀ fi ọ̀nà olùkọ́ lé lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibòmíràn, kí ó má ṣe rò pé ọdún rẹ̀ ṣòfò. Olùkọ́ náà ń tọ́jú odidi ènìyàn. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì tí kò dáhùn ìbéèrè lè jẹ́ pé ebi ni ó ń pa á, tàbí kí ó má rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó, tàbí kí ìjà ilé máa bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán.