Linnaeus Padà sí Ilé Baba Rẹ̀
Ní ọdún 1749, ìjọba ilẹ̀ Sweden rán Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀ràn nípa ewéko, sí ìpínlẹ̀ Skåne, kí ó lọ wo ewé, ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó lè ṣe ìlú láǹfààní. Ọ̀nà rẹ̀ gba Stenbrohult, níbi tí ó gbé dàgbà. Nínú ọgbà ilé wọn níbẹ̀ ni baba rẹ̀, àlùfáà ìjọ, ti mú kí ó fẹ́ràn ewéko. Àní láti ara igi ńlá kan, lind ní èdè wọn, ni baba náà ti fa orúkọ ìdílé wọn yọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú ní 1733, baba rẹ̀ ní 1748. Àbúrò rẹ̀, Samuel, ni ó jogún iṣẹ́ baba wọn. Ìwé ìrìn-àjò náà jáde ní 1751. Ìbànújẹ́ ilé wà nínú rẹ̀, láàrin ọ̀rọ̀ ewé àti ti erùpẹ̀.