Leonhard Rauwolf àti Igi Asofẹ́yẹjẹ

Igi asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó mọ igbó Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa. Èso rẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ń jẹ li a fi sọ ọ́ li orúkọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ li àwọn oníṣègùn wa ń wá, nítorí òun ni wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Rauvolfia vomitoria. Ìtàn ẹni tí ó ni orúkọ yìí li a fẹ́ sọ.

Ọmọ ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì ni Leonhard Rauwolf. Ó kọ́ ìṣègùn ní Montpellier lọ́dọ̀ Rondelet, ó sì mọ bí a ti ń sá ewé, tí a sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Li ọdún 1573, oníṣòwò Manlich, àna rẹ̀, rán an lọ sí Ìlà-Oòrùn láti wá egbòogi tí yóò mú èrè wá. Ó dé Aleppo, ó wọ ọkọ̀ li odò Yúfúrétì, ó dé Baghdad, ó sì dé Jerúsálẹ́mù. Òwò Manlich ti fọ́ kí ó tó padà dé ní 1576. Lójú tiwa, èrè rẹ̀ wà níbòmíràn: ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú orúkọ tí wọ́n ń pe ewé kọ̀ọ̀kan àti àìsàn tí wọ́n fi ń wò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1582 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ròyìn kọfí fún àwọn òyìnbó.

Ní 1588 a yọ ọ́ kúrò ní ipò dókítà ìlú Augsburg, nítorí pé ó di ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì mú. Ó kó lọ sí Linz. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á ní 1596 láàárín àwọn ọmọ ogun ní Hungary. Àwọn ewé tí ó sá wà ní Leiden títí di òní. Asofẹ́yẹjẹ kò sí nínú wọn, nítorí kò fi ojú rí i rí. Plumier, ará Faransé, ni ó fi orúkọ náà bu ọlá fún un ní 1703. Kò sí Plumier kankan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn baba tí ó kọ́kọ́ wa gbòǹgbò yìí.

Íńdíà ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń fi gbòǹgbò ìbátan igi yìí tọ́jú wèrè láti ìgbà pípẹ́. Ní 1931 Siddiqui rí ajmaline nínú rẹ̀; ní 1952 Müller, Schlittler àti Bein rí reserpine ní Basel. Méjèèjì wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tiwa pẹ̀lú. Reserpine a máa dín ohun tí iṣan fi ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ kù, ọkàn a sì rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru a sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá wá. Nítorí náà li àwọn dókítà kò fi fúnni púpọ̀ mọ́.