Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Ẹni Tó Wá Ilé fún Ọmọ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ti lọ tipẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gan-an.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Ó kàwé ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ibi tí kò jìnnà sí wa rárá, kó tó lọ sí Fourah Bay College ní Sàró. Ní 1922, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin.

Ohun tójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń rí níbẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe kékeré. Onílé òyìnbó lè ní yàrá tó ṣófo, àmọ́ tó bá ti rí i pé aláwọ̀ dúdú ló kan ilẹ̀kùn, á ní yàrá ti tán. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ gidi nílé á wá máa rìn kiri nínú òtútù, á máa wá ibi tó máa sùn. Ìyà yẹn kan Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀, owó sì wọ́n ọn lọ́wọ́.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. Ìwé ìròyìn Evening News wá gbé e jáde pé kò tíì pẹ́ táwọn ará Nàìjíríà ń jẹ èèyàn, tí wọ́n sì ń ṣe oògùn burúkú. Ẹlòmíì á ní ìwé lòun wá kà, òun ò bá wọn jà. Ṣólàńkẹ́ ò gbà. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa, ó sì tako irọ́ náà ní gbangba. Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, dìde tì í lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 13 dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọdún yẹn náà ló sọ Yorùbá lórí rédíò, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìgboyà o! Níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní ajẹ̀nìyàn, kò fi èdè bàbá rẹ̀ pamọ́.

Ní oṣù kẹjọ 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU lorúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú, Yorùbá tó bá sì gbọ́ ọ, "wàásù" ló gbọ́. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde, wọ́n ń fi ṣàlàyé ìtàn àti àṣà wa.

Ilé ló wá kù. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wálé, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń ti ìlú dé ìlú tọrọ owó ilé. Ní 1933, ilé náà ṣí ní Camden, òun ló sì ń bójú tó o. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gbé ilé tiwọn kalẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, WASU fura pé wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ àwọn ni, wọn ò sì gbà. Lẹ́yìn náà, Kwame Nkrumah wà lára àwọn tó bá WASU ṣiṣẹ́.

Kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, agbára sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ara wa. Àwọn onílé kan wà ní Bódìjà àti Agbowó tí wọ́n máa ń béèrè ẹ̀yà ayálégbé kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tí irú ẹ̀ bá wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Àwọn ọmọ kan sì wà tó ń tijú láti sọ Yorùbá níwájú ọ̀rẹ́ wọn.

Ọmọ ìlú wa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìbàdàn náà ń wá yàrá. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ ní yàrá kan tó ṣófo, ní Agbowó, Ring Road tàbí Challenge, ẹ dákun, ẹ sọ fún wa lórí gúrúùpù yìí.