Thomas Ona Odulate: Agbẹ́gilére Tí Ó Gbẹ́ Ayé Ìgbà Rẹ̀ Sí Kékeré

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ẹni àná, ìtàn ọba, jagunjagun, àlùfáà àti olóṣèlú ni ó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu wa. Agbẹ́gilére ni èmi fẹ́ sọ ìtàn tirẹ̀ lónìí, nítorí pé bí ọba bá lọ tí ìjòyè bá lọ, ẹni tí ó gbẹ́ àwòrán wọn ni yóò jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ṣe rí.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí ilé ọmọláńgidi nínú ìwé tàbí nínú fíìmù, ilé kékeré tí a kó àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì tí kò ju ìka ọwọ́ lọ sí. Àwọn kan máa ń ṣe yàrá kan ṣoṣo nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti fi ìgbà kan hàn, bíi ìgbà ayé Ọbabìnrin Fikitóríà. Iṣẹ́ tí ó le jù níbẹ̀ ni yíyan ohun tí yóò wọ inú yàrá náà. Thomas Ona Odulate kò ṣe ilé ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi dáhùn ìbéèrè kan náà: kí ni a ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kékeré yìí tí ẹni tí ó bá rí i yóò fi mọ ẹni tí í ṣe?

Ìjẹ̀bú-Òde ni ìlú rẹ̀. Ìjẹ̀bú kì í ṣe ìlú tí òyìnbó kàn rìn wọ̀ bí ẹni wọ ọjà. Ní ọdún 1892, wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun ní Ìmàgbọn, ìbọn ńlá sì borí wọn. Lẹ́yìn ogun náà ni ọ̀nà là fún àjẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé. Ayé tuntun yìí ni Ona fi ojú ara rẹ̀ rí. Ó kúrò ní Ìjẹ̀bú, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, níbi tí ayé tuntun náà ti ń gbóná jù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn agbẹ́gilére Yorùbá àtijọ́ kì í gbẹ́ igi lásán. Ọba a máa pè wọ́n láti gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin, àwọn olórìṣà a máa bẹ̀ wọ́n ní oṣé Ṣàngó, ìyá ìbejì a sì máa gba ère ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn oníbàárà Ona yàtọ̀. Àwọn òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì fẹ́ gbé ohun ìrántí lọ sí ilé wọn, ni wọ́n ń ra ọjà rẹ̀ jù. Nítorí náà, ó gbẹ́ ohun tí ojú ń rí ní ìgboro: lọ́yà pẹ̀lú irun àtọwọ́dá lórí, dókítà, àlùfáà òyìnbó, ẹni tí ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù póló, àjẹ́lẹ̀ tí ó jókòó ti tábìlì tí ó ń kọ̀wé. Ó gbẹ́ Ọbabìnrin Fikitóríà pàápàá, ẹni tí ó ti wàjà láti ọdún 1901. Kò sì gbàgbé ilé: ó gbẹ́ ọba pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ó gbẹ́ ọdẹ, ó gbẹ́ àwọn olùsìn Ṣàngó.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Àáké kékeré ti agbẹ́gilére àti ọ̀bẹ pélébé tí a lè ká bọ àpò ni. Igi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń lò, kò sì ní kùn ún tán. Àwọ̀ igi náà ni yóò fi sílẹ̀. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ojú wò ni yóò fi íǹkì dúdú tàbí íǹkì pupa sí, yóò sì fi pọ́líìṣì bàtà funfun kun ibi tí ó yẹ kí ó funfun. Àwọn nǹkan bíi fìlà, agboòrùn, ìwé àti ọ̀pá, ó ń gbẹ́ wọn lọ́tọ̀, kí ó tó fi wọ́n sí ibi tí ó tọ́ sí wọn.

Níbí ni ọgbọ́n ọkùnrin náà wà. Ẹ wo àjẹ́lẹ̀ tí ó jókòó ti tábìlì. Ona kò mọ ògiri yí i ká, kò sì ta aṣọ fèrèsé. Àga kan, tábìlì kan, kálàmù kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí i yóò mọ̀ pé ọ́fíìsì nìyẹn, àti pé àṣẹ ti ń ti ẹnu kálàmù jáde. Ohun tí agbára ẹni náà rọ̀ mọ́ ni ó yàn.

Ní àsìkò rẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé ọmọláńgidi tí ó lókìkí jù ní ayé fún Ọbabìnrin Mary. Láàárín ọdún 1921 sí 1924 ni Edwin Lutyens yàwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ọ. Ohun tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní ilé gidi di íǹṣì kan níbẹ̀. Iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, wáìnì gidi sì wà nínú ìgò tíntìnní. Wọ́n gbé e síta ní Wembley ní 1924, níbi ìpàtẹ ńlá tí Nàìjíríà náà ti ní ilé ìpàtẹ tirẹ̀. Títí di òní, ó wà ní ààfin Windsor. Rúlà ni ó darí ilé yẹn. Nínú ère Yorùbá, iyì ni ó ń darí: orí a máa tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ọba a sì máa ga ju ẹmẹ̀wà lọ. Nínú àṣà yìí ni Ona ti mú tirẹ̀.

Orí ńlá yìí ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún 1937, Julius Lips, ọmọ Jámánì kan, tẹ ìwé kan jáde nípa bí àwọn ènìyàn tí òyìnbó ń jọba lé lórí ṣe ń gbẹ́ àwòrán òyìnbó, ó sì gbà pé ẹ̀sín ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rí ère Ona rò bẹ́ẹ̀ náà. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti gbé ní Ifẹ̀ ṣe ìwádìí, ni ó wádìí lọ́dọ̀ Ona fúnra rẹ̀. Ona jẹ́ kí ó yé e pé òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ayé bí òun ti rí i ni òun ń gbẹ́. Bascom kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1957. Ẹ̀rí sì wà: ọba Yorùbá tí Ona gbẹ́ ní irú orí àti irú ojú tí àjẹ́lẹ̀ ní. Ojú kan náà ni ó fi wo gbogbo wọn. Lójú tèmi, èyí gan-an ni ó ká àwọn kan lára, pé ọmọ Ìjẹ̀bú kan lè wo ọ̀gá tí ó ń pàṣẹ fún un bí ó ti ń wo ará ilé rẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá ní Port Harcourt? Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe yàrá kékeré kan fún ìpàtẹ, tàbí kí ẹ tò pèpéle eré, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé yàrá ta ni, ní ọdún wo? Ọdún 1913 ni ìlú yìí gba orúkọ Lewis Harcourt, ní 1916 sì ni èédú Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun. Ká ní yàrá akọ̀wé rélùwéè ní nǹkan bí 1930 ni ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ gbé tábìlì onígi sí i, àga kan, àtùpà elépo òyìnbó, àpótí aṣọ, ẹní tí a ká ti ògiri àti agboòrùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe gbé àga rọ́bà síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, nítorí Ìbàdàn ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1959. Ẹ má sì rò pé yàrá àjẹ́lẹ̀ nìkan ni ìtàn. Bí a bá tọ́jú tábìlì òyìnbó tí a sì ju ẹní bàbá wa nù, irọ́ ni yàrá náà yóò pa, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ona ti lọ. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣúra ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Yunifásítì California ní Berkeley, òkèèrè réré sí Ìjẹ̀bú. Àìmọye ère ilẹ̀ wa ni ó wà níbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. A mọ ti Ona nítorí pé ẹnìkan bi í léèrè nígbà tí ó wà láàyè. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá relé ní ìsinmi, ẹ wo àga tí ó wà ní pálọ̀ bàbá àgbà, kí ẹ béèrè ẹni tí ó kàn án, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.