Dókítà John Gorrie: Oníṣègùn Tó Fẹ́ Fi Afẹ́fẹ́ Tútù Wo Ibà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Gonzagueville, ní agbègbè Port-Bouët ní ìlú Abidjan, yóò kọ́kọ́ béèrè nípa ìwé ilẹ̀, omi àti iná. Lẹ́yìn náà ni yóò gbójú sókè wo ara ògiri, bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé ooru àti ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní etíkun tó wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Ébrié. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé oníṣègùn wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ronú kan irú ẹ̀rọ yìí, àti pé nítorí àwọn aláìsàn ibà ló ṣe ronú kàn án. Ìtàn ìgbésí ayé oníṣègùn náà, Dókítà John Gorrie, ni a mú wá fún yín lónìí. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí tó fẹ́ gba ilé gbé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ọdún 1803 ni a bí John Gorrie. Ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà ló ti dàgbà. Ó kọ́ ìṣègùn ní Fairfield, ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1827. Ní 1833, ó kó lọ sí Apalachicola ní Florida, ìlú èbúté níbi tí wọ́n ti ń kó òwú tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú gbìn sínú ọkọ̀ òkun. Ìlú náà jọ etíkun tiwa púpọ̀: iyanrìn nílẹ̀, òkun níwájú, àbàtà nítòsí, ooru àti ẹ̀fọn lọ́sàn-án lóru.

Àwọn ará ìlú fọkàn tán an. Ó ṣe olórí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì fi í jẹ olórí ìlú ní 1837. Ní 1838 ló gbé Caroline Beman níyàwó. Ọ̀nà ọlá ti ṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ibà kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ibà tó ń pa ará ìlú

Ní 1841, ibà pọ́njú jà ní etíkun náà, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ní ayé ìgbà náà, kò sí oníṣègùn tó mọ ohun tó ń fà á. Èrò wọn ni pé afẹ́fẹ́ búburú tó ń jáde láti inú àbàtà ló ń gbé àìsàn wọ ara. Gorrie ṣàkíyèsí pé ibi tó gbóná tó sì rin ni ibà ti ń jà, àti pé bí òtútù bá dé, àìsàn náà a dáwọ́ dúró. Ó rọ àwọn ará ìlú láti gbẹ́ omi àbàtà kúrò. Ó tún pinnu pé òun yóò mú kí yàrá àwọn aláìsàn òun tutù.

Ohun tó ṣe rọrùn. Ó fi omi dídì sínú àwo kan, ó sì so àwo náà rọ̀ láti òkè àjà. Afẹ́fẹ́ tó gba orí omi dídì náà kọjá a tutù, a wúwo, a sì sọ̀ kalẹ̀ sórí aláìsàn, kí ó tó gba ihò tó wà nítòsí ilẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òtútù nìkan ló ń wá: ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí ó sì máa jáde.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe omi dídì

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Láti àwọn adágún ìhà àríwá ni ọkọ̀ ti ń kó omi dídì wá. Ó wọ́n, kì í sì í dé nígbà mìíràn. Láti 1845 ni Gorrie ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ tì, kí ó lè kan ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe omi dídì fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti fi páńpù fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí yóò mọ̀ pé páńpù náà a máa gbóná. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ooru rẹ̀ a jáde. Gorrie fi omi gba ooru yẹn kúrò, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tún fẹ̀, ó sì di tútù tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1851, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà 8080, pé òun ló ni iṣẹ́ náà.

Gáàsì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù òde òní ń lò dípò afẹ́fẹ́ lásán, ṣùgbọ́n òye kan náà ni. Ẹ̀rọ kì í pa ooru run. Ó ń kó o kúrò nínú yàrá lọ síta ni, ìdí nìyẹn tí apá tó wà lẹ́yìn ògiri fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ní ìlú òtútù bíi London, a lè yí iṣẹ́ náà padà kí ẹ̀rọ máa kó ooru wọlé. Ní Abidjan, a kò nílò amúlégbóná rárá, nítorí náà kò yẹ kí a san owó kún owó lé e lórí.

Òpin ayé rẹ̀

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó kò sí láti ṣe púpọ̀ rẹ̀ tà. Gorrie wá olówó kiri títí dé New Orleans. Ẹni tó ṣèlérí láti bá a dá owó pọ̀ kú, àwọn ìwé ìròyìn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1855, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 51. Ní 1902 ni Willis Carrier ṣe ẹ̀rọ amúlétutù irú ti òde òní fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Ní 1914 ni a gbé ère Gorrie sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington.

Ibi tó ti ṣìnà, àti ibi tó ti tọ̀nà

Afẹ́fẹ́ búburú kọ́ ló ń fa ibà. Ní 1881, Dókítà Carlos Finlay ní Cuba sọ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, a sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1900. Ní 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà lásán nínú ẹ̀fọn. Yàrá tútù tí Gorrie ṣe fún àwọn aláìsàn tù wọ́n lára, ṣùgbọ́n kò lè wò wọ́n sàn. Omi àbàtà tó ní kí a gbẹ́ gan-an ló lè dín ẹ̀fọn kù, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1899, ibà pọ́njú jà ní Grand-Bassam, tí ọ̀nà tó gba Gonzagueville kọjá lọ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ìjọba amúnisìn sì kó olú-ìlú lọ sí Bingerville ní 1900.

Kí ẹ tó san owó ilé

- Ẹ ṣí fèrèsé wò. Fèrèsé tó kọjú síra ní ìhà méjì yàrá ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun gba inú ilé kọjá. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lára gbogbo wọn.
- Ẹ wo òkè. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́ ń da ooru lé orí ẹni.
- Ẹ wo apá ẹ̀rọ tó wà níta. Iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ irin. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n rà á, kí ẹ sì ní kí wọ́n tàn án lójú yín.
- Ẹ tọpa omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ. Bí ó bá ń dúró nínú garawa tàbí kòtò, ẹ̀fọn yóò yé ẹyin síbẹ̀.
- Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri. Ògiri tó rin, tó sì ti bu, kò dára fún ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ.
- Ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá lọ. Yóò tutù kíákíá, ṣùgbọ́n kò ní fa ọ̀rinrin tán.
- Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà. Ó gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ẹni tó ń sùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọlé, ẹ máa fọ asẹ́ ẹ̀rọ náà déédéé. Ẹ má sì jẹ́ kí òtútù yàrá mú yín gbàgbé àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe gbé e síwájú ẹ̀rọ kí ẹ máa retí ìwòsàn: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gorrie fi ohun ìní àti ìlera rẹ̀ wá ìtura fún aláìsàn. Ìtura ló rí. Ìwòsàn tí kò rí ti wà nítòsí wa lónìí.